Ẹ gbé ewì kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ gbé e wá sí Adánkólò

Sí Olóòtú,

Òkun o. Bá a ṣe ń kíra wa nílẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá tó wà ní Kógì, nìyẹn, ẹ má bínú tí mi ò fi "ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn" bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà kú o jàre. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọmọ Ìyàgbà ni mí, ọkọ mi ló gbé mi wá sí Lọ́kọ́jà lọ́dún 1978, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń pe ibì kankan ní ìpínlẹ̀ Kógì, Kwárà la wà nígbà yẹn, 1991 ni wọ́n tó dá Kógì sílẹ̀. Adánkólò, àdúgbò kan nínú Lọ́kọ́jà níbí, ni mo ti bí gbogbo ọmọ mi, ibẹ̀ náà ni mo wà títí dòní, omi ti lé mi jáde nínú ilé lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún padà síbẹ̀. Mo sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe àlejò ló ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ewì ni mo bá wá. Oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ ní práímárì mẹ́ta, tó ti wá di géńdé báyìí tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, gbé ìwé ìpè wá fún mi nílé, ó ní "Màmá Tíṣà, a fẹ́ fi ewì ṣàjọyọ̀ Lọ́kọ́jà àtijọ́, ẹ ò gbọdọ̀ má wá o." Inú mi dùn débi pé mo wá aṣọ òkè tí mo ti gbé sí ìsàlẹ̀ àpótí látìgbà ìgbéyàwó àbíkẹ́yìn mi, mo we gèlè, mo wọ kẹ̀kẹ́ Napep, ó di hòtẹ́ẹ̀lì. Mi ò ní dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì náà, mi ò sì ní dárúkọ àwọn tó pè wá torí èèyàn dáadáa ni wọ́n, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe dáa, bí wọ́n ṣe ṣe é ló kù díẹ̀ káàtó.

Aago méjì ni wọ́n kọ sínú ìwé, aago mẹ́rin kọjá ká tó rí alága. Éésì tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, àfi bíi pé wọ́n fẹ́ kó wa sí fíríìsà bí ẹja, èmi àti ìyá kan tá a jọ jókòó la tú gèlè wa tá a fi bo èjìká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń pe àwọn èèyàn ńlá jáde síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, ti yunifásítì tí wọ́n lọ, ti ipò tí wọ́n ti dì mú, ti oyè tí wọ́n jẹ nílé ìyàwó, ìyẹn nìkan gbà tó wákàtí kan. Oríkì àkọ́kọ́ tá a gbọ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn, oríkì ìwé ẹ̀rí.

Nígbà tó wá kan àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọbìnrin kékeré kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, tó bá dákẹ́ díẹ̀ gbogbo gbọ̀ngàn á dákẹ́ dè é. Spoken word ni wọ́n ń pè é. Mo ní nínú mi pé èyí kúkú làwọn ìyá wa ń ṣe lójú agbo, kò sí ìlù, kò sí orin, ọ̀rọ̀ lásán, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà á máa rìn bí ẹni tó ń jó. Orí mi wú. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án ni wọ́n, èdè òyìnbó ni gbogbo wọn fi ṣe é, méje nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló sì bá Lugard, òyìnbó tó ṣèjọba lé wa lórí, lọ. Lugard báyìí, Lugard bá tọ̀hún, bó ṣe fa àsíá sókè, bó ṣe ń rìn lórí òkè, irùngbọ̀n ẹnu rẹ̀ gan-an rí ewì gbà. Àwa tá à ń gbé nídìí òkè náà ò ní irùngbọ̀n ni?

Mẹ́rin nínú àwọn méje yẹn ló tún sọ pé ìyàwó Lugard, Flora Shaw, gun Òkè Pàtí lọ́jọ́ kan, ó jókòó, ó wo ibi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, ó ní ó yá, Nàìjíríà lorúkọ ilẹ̀ yìí. Ìtàn yẹn dùn, wọ́n ń sọ ọ́ fún àlejò lórí òkè lójoojúmọ́, èmi alára ti fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì rí kí n tó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run dárí jì mí. Inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni obìnrin yẹn ti mú orúkọ náà jáde, ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1897, iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló ń ṣe jẹun bíi tiyín náà, òun àti Lugard ò sì tíì fẹ́ra wọn, 1902 ni wọ́n tó ṣègbéyàwó. Ìyàwó ta ló wá gun òkè?

Ẹ tún wá gbọ́ o. Oṣù kan náà yẹn, oṣù kìíní 1897, ni àwọn sọ́jà Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò òyìnbó, gbéra ní Lọ́kọ́jà yìí, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí Kàbà, kí wọ́n tó kọjú sí Bídà lọ bá Tápà jà. Àwọn Tápà Bídà yẹn ló ti ń kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú látìgbà àwọn bàbá ńlá wa, ìdí tí ọ̀pọ̀ ìlú Òkun fi sá gun orí àpáta nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan bi mí, ǹ bá ní ewì wà níbẹ̀ yẹn! Ta ló ru ẹrù àwọn sọ́jà yẹn látibí dé Kàbà, lójú ọ̀nà tí kò sí kọnkéré Obajana tá à ń sá lé lórí lónìí? Kí ni ìyá kan ń sè lórí iná ní Kàbà lọ́jọ́ tó gbọ́ pé sọ́jà ń bọ̀, ṣé ó sọ iná kalẹ̀ ni àbí ó gbé ìkòkò dání sá? Obìnrin kan jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù ó ń sọ wá lórúkọ, obìnrin míì wà ní Kàbà kò mọ̀ pé wọ́n ń sọ òun lórúkọ, oṣù kan náà. Kò sí ọmọ kan nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó fẹnu bà á, kì í ṣe ẹjọ́ wọn, a ò sọ fún wọn.

(Ẹ jẹ́ n tètè fi èyí há a, mo fẹ́ràn rẹ̀ ni. Pàtí tí wọ́n ń pe òkè yẹn, òkè náà ló jẹ́ lédè Tápà. Ẹ wo Pàtígí ní Kwárà, òkè kékeré ni ìtumọ̀ rẹ̀. Torí náà ìgbà tá a bá ń sọ Òkè Pàtí, Òkè Òkè là ń wí, bí ìgbà táwọn ọmọ mi bá ń sọ pé àwọn ń mu omi wọ́tà.)

Ohun tó wá dùn mí jù ni ti ìyá Ọ̀wọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìbàdàn àti Èkó lè má mọ Ọ̀wọ̀rọ̀, Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n, ọ̀kan lára àwa Òkun ni wọ́n, bí Owé ti Kàbà, bí Ìjùmú, bí Bùnú, bí àwa Ìyàgbà, àwọn ló sì bá òkè yẹn gbé kí òyìnbó tó mọ̀nà dé ibẹ̀. Wọ́n ní kí ìyá náà wá ki ìlú. Wọ́n fún un ní mínítì mẹ́ta. Mínítì mẹ́ta! Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ bá mi dá a lóhùn, ta ló ń fi mínítì mẹ́ta júbà? Ìyá náà júbà ilẹ̀, ó júbà odò, ó júbà àwọn tó ti lọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan àwọn obìnrin ilé rẹ̀ ni MC rìn wá, ó rọra gba máíkì lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, ó ní ká pàtẹ́wọ́ fún Màmá. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́, èmi náà pa á, ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ìyá náà ṣì dúró, ó ń wò wá, ẹnu rẹ̀ ò tíì pa dé. Nígbà tí wọ́n gbé ráìsì wá kò fọwọ́ kàn án, ó ní kí wọ́n di í sínú nájílọ̀nù kóun gbé e fọ́mọ ọmọ òun.

Mo tẹ̀ lé e jáde. A dúró lẹ́bàá títì à ń retí kẹ̀kẹ́, mo ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ parí rẹ̀ fún mi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní àbí orí mi ò pé. Lẹ́yìn náà ló gbé ráìsì kalẹ̀ sórí kọnkéré, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, kò tẹ̀ síwájú láti ibi tí MC ti gé e o, ìbẹ̀rẹ̀ ló padà sí. Kẹ̀kẹ́ kìíní dúró, a ò wọ̀ ọ́. Ìkejì dúró, ìkẹta dúró. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan kọ́ ẹnu ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ọmọ Ìgbìrà ni, kò gbọ́ ju ìdajì lọ nínú ohun tí ìyá ń wí, ṣùgbọ́n kò lọ títí ó fi parí. Nígbà tó máa gbé wa délé, ó gba owó lọ́wọ́ èmi, kò gbowó lọ́wọ́ ìyá.

Lóru ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé ẹni tó bá fẹ́ fi ewì yẹ adúgbò àtijọ́ sí, inú adúgbò náà ni kó ti ṣe é, lẹ́nu àwọn tó ń gbé ibẹ̀, kí wọ́n fi èdè tí wọ́n fi ń bú ara wọn tí wọ́n fi ń bẹ ara wọn ṣe é. Òun náà ni mo tìtorí rẹ̀ ń kọ ìwé yìí.

Torí nǹkan pọ̀ níbí tí ewì lè jẹ. Ẹ wo Kabawa, orúkọ yẹn nìkan tó ewì kan, ará Kebbi ni Haúsá ń pè ní Kabawa, àwọn ló wá tẹ̀dó sétí odò, ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹja tútù láàárọ̀ kó lọ bá wọn. Ẹ wo sùkúù Holy Trinity tí Àjàyí Crowther dá sílẹ̀ ní 1865. Ẹrú ni Àjàyí alára rí, Òṣoògùn ni wọ́n ti kó o lọ́dún 1821, tó bá jẹ́ pé òkun ti gbé e lọ a ò ní mọ̀ ọ́n. Nínú ọgbà sùkúù tí ọmọ ẹrú yìí dá sílẹ̀ ni irin méjì tí wọ́n ń pè ní Irin Òmìnira wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ irin náà kọjá. Mo ti rí ọmọ kan tó so síwẹ́tà mọ́ ọn. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀ o, ẹni tí wọ́n bá ti tú sílẹ̀ ló lè so síwẹ́tà síbi tó wù ú.

Ẹ tún wo ti Ẹ́míà Kánò. Aliyu lorúkọ rẹ̀, òyìnbó mú un lọ́dún 1903, Lọ́kọ́jà ni wọ́n wá fi í sí, ibí ló kú sí lọ́dún 1926. Ọba odidi Kánò, tó ń jí láràárọ̀ tó ń wo odò tí kì í ṣe odò ilé rẹ̀, tó ń gbọ́ èdè mẹ́fà lójú ọ̀nà tí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn jẹ́ tirẹ̀. Ta ló ń ta mílíìkì fún un? Ta ló ń fá irun rẹ̀? Ó dájú pé ọmọ ọmọ ẹni tó ń fá irun rẹ̀ wà nílùú yìí. Ìtẹ́ òkú òyìnbó náà wà lọ́hùn-ún, òkúta ìrántí àwọn sọ́jà tó kú sójú ogun wà níbẹ̀, mi ò ní fà á gùn.

Àti ẹ̀fọn! Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ àmọ́ ẹ̀fọn ló yẹ ká kọ́kọ́ kọ ewì fún ní Lọ́kọ́jà. Ọdún 1841 làwọn òyìnbó kọ́kọ́ wá dá oko sí ẹ̀gbẹ́ ibí, Àjàyí Crowther wà nínú ọkọ̀ náà, ibà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn òyìnbó yẹn lọ rẹẹrẹ, nígbà tó fi máa di ọdún kejì kò sí oko mọ́. Ìgbà tí dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Baikie gba odò wá ní 1854 tó ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kuiníìnì, oògùn ibà, ni wọ́n tó lọ tí wọ́n bọ̀ láìsí òkú kankan. Ṣé ẹ rí i pé tí kì í bá ṣe kuiníìnì, ẹ̀fọn ì bá ti gba wá sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kò bá sí Lugard, kò bá sí àsíá ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 tí wọ́n fà sókè níbí, kò bá sí £865,000 tí ìjọba òyìnbó san fún ilé iṣẹ́ Royal Niger kí wọ́n tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ̀fọn ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ó ṣì ń ṣe é lọ́wọ́, Adánkólò ló wà.

Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ní Chicago, nígbà tí mo ròyìn hòtẹ́ẹ̀lì yẹn fún un lórí fóònù, ó ní obìnrin dúdú kan wà lọ́hùn-ún tó ń jẹ́ Gwendolyn Brooks, adúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Bronzeville, níbi táwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ewì rẹ̀ ò bá gómìnà lọ, àwọn tó ń há gádígádí nínú yàrá kan, àwọn tó ń retí kí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kàn wọ́n, ìyá arúgbó àti bàbá arúgbó tí wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀wà, àwọn wọ̀nyí ló ń kọ ewì fún. 1950 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pulitzer, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á. Mo ní ìwọ, àwọn tó ń jẹ ẹ̀wà! Mo ní a ní wọn níbí.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mi ò béèrè lọ́wọ́ kánsílọ̀ kankan. Mo sọ fún àwọn ará òpópónà wa pé tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé kí kálukú gbé àga tirẹ̀ wá sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé mi, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu nípa àdúgbò yìí kó wá sọ ọ́ ní èdè tó bá wù ú. Mo rò pé èèyàn márùn-ún á wá. Mi ò ka iye àwọn tó wá, àmọ́ ẹlẹ́kọ parí ẹ̀kọ kí aago méje tó lù, ẹ fìyẹn ṣírò.

Kò lọ geere o. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún tótó, a bẹ̀ ẹ́ kó pa á, ó ní ẹran òun wà nínú fíríìsà. Ọ̀mùtí kan fẹ́ kọ́kọ́ ki ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lórí orúkọ ìlú, bàbá Haúsá kan ló ní "ja" tó wà nídìí Lokoja yẹn, pupa ni lédè tàwọn, torí náà àwọn ló sọ ìlú lórúkọ, ọmọkùnrin Ọ̀wọ̀rọ̀ kan fò sókè ó ní irọ́ ńlá, ẹnì kan láti Kabawa tún dá sí i, àyà mi já, mo ní mo ti kó bá ara mi lójú ogbó. Ìyá Ọ̀wọ̀rọ̀ yẹn (mo ti ránṣẹ́ sí i, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ọjọ́sí ló lọ gbé e wá) ló fi ọ̀pá lu àga, ó ní ẹni tó bá mọ ìlú kì kó kì í, ẹni tó bá jẹ́ jà nìkan ló mọ̀ nínú Lọ́kọ́jà, odò wà lọ́hùn-ún, kó lọ bá a jà. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Haúsá náà ló rẹ́rìn-ín jù, ó sì dìde, ó ṣe kirari, èyí tí í ṣe oríkì tiwọn, èmi ò gbọ́ ọ tán àmọ́ mo mọ ibi tó ti ń kí àwọn apẹja torí ó ń fi ọwọ́ ju àwọ̀n.

Ìyá arúgbó Bùnú kan tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa ki aṣọ ipò. Ọdún tí mo ti ń kí ìyá yìí ti lé ní ogún, mi ò mọ̀ pé ahunṣọ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá mọ̀, aṣọ pupa ni ipò, àwọn obìnrin Bùnú ló ń hun ún, aṣọ òkú àwọn ènìyàn ńlá ni, egúngún náà ń wọ̀ ọ́. Ó sọ bí wọ́n ṣe máa ń wá búláńkẹ́ẹ̀tì pupa ti ọsibítù rà, tí wọ́n á tú u ní fọ́nrán fọ́nrán, tí wọ́n á wá fi òwú rẹ̀ hun ipò. Ó ní aṣọ tí wọ́n fi bo aláìsàn lọ́dọ̀ òyìnbó, àwa la tú u tá a fi dá ọlá fún òkú wa. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, mo sáré kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé iná.

Ẹni tó wá gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wa ni ọmọbìnrin kan tó ń ta ẹja yíyan lójú títì, kò tíì ju ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ, mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́ sí yín, ó ní kí n má dárúkọ òun torí àwọn oníbàárà òun á máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́:

Adánkólò, ọmọ etí omi,
a kì í fi omi dẹ́rù bà wá, omi la fi sọ wá lórúkọ.
Ọdún 2012, Ọya wọlé kò kí ẹnikẹ́ni,
ó bá ìyá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní sún díẹ̀.
Ó gbé ìkòkò, ó gbé àga oníke,
ó gbé ìwé ẹ̀rí ẹ̀gbọ́n mi, kò sì ka ìlà kan níbẹ̀.
A tún ògiri rẹ́, a kun ún ní búlúù.
Ọdún 2022 ó tún padà wá,
ó ní sílípáàsì òun lòun gbàgbé.
Ọya, o mọ ilé wa ju àwọn tó ń wá ìbò lọ,
o mọ yàrá tí bàbá mi kú sí.
Ìgbà tó o bá tún ń bọ̀,
kan ilẹ̀kùn.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀fọn nìkan là ń gbọ́, àti jẹnẹrétọ̀ ọkùnrin ẹlẹ́ran. Ẹ rántí pé 2022 yẹn, omi bo títì Àbújá mọ́lẹ̀, ọkọ̀ ò kọjá, gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń sọ̀rọ̀ epo tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn, èmi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí tó bómi lọ. Ọmọ elẹ́ja ló sọ ọ́.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn ọmọ mi tó ṣe ti hòtẹ́ẹ̀lì ni pé kí wọ́n má bínú sí mi, kí wọ́n wá. Owó tí wọ́n fi háyà gbọ̀ngàn, kí wọ́n fi sanwó fáwọn àgbà tó bá ki nǹkan, torí asunrárà àtijọ́ kì í lọ lọ́wọ́ òfo, a ò gbọdọ̀ máa fi ráìsì inú nájílọ̀nù lé wọn lọ. Kí wọ́n gbé kámẹ́rà wọn wá, tèmi kò dáa, ìdajì ohun tí mo gbà sínú fóònù lọ́jọ́ yẹn, jẹnẹrétọ̀ ni. Kí ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ yẹn wá kọ́ òyìnbó rẹ̀ mọ́ ti ìyá Ọ̀wọ̀rọ̀, mo fẹ́ gbọ́ báwọn méjèèjì á ṣe rí. Èmi ò bá òyìnbó ṣọ̀tá o, tíṣà ni mí, òun ni mo fi jẹun, ohun tí mo ń sọ ni pé kò gbọdọ̀ jẹ́ òun nìkan ni máíkì mọ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ bá Lugard lọ kí wọ́n bá a lọ, àmọ́ kí wọ́n bi í léèrè ẹni tó ń fọ aṣọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé ní Kàbà, ní Ìyàrá, ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú, ní Ẹ̀gbẹ̀, mo bẹ̀ yín náà. Ọmọ ọmọ mi kan wá láti Àbújá lọ́dún ìjẹta, mo kí i lẹ́nu Ìyàgbà, ó wo ìyá rẹ̀ lójú, ó ní kí ni Grandma ń sọ. Yorùbá tẹlifíṣọ̀n gan-an ló gbọ́, ẹnu tiwa ni kò gbọ́. Gbogbo àdúgbò àtijọ́ tó wà nílẹ̀ Òkun ló ní ẹni kan tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń kì í, ẹni náà ò ju ẹyọ kan sí méjì lọ mọ́ níbòmíì, ẹ̀ ń kọjá lójúlé rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ rò pé ìyá tó ń ta iyọ̀ lásán ni.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, mo mọ̀ pé ìwé yín ò tóbi, ìpolówó ló gba ojú ewé tó pọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fún wa ní igun kan lọ́ṣẹ̀, kó má ju gígùn àtàńpàkò lọ, ká máa fi ewì àdúgbò kan síbẹ̀, lẹ́nu tí wọ́n fi sọ ọ́, ẹ má tún un kọ sí Yorùbá Ọ̀yọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tí kò yé yín, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ará ibẹ̀ á rí i, inú rẹ̀ á dùn.

Sátidé ìparí oṣù yìí la tún máa ṣe é, abẹ́ igi máńgòrò náà, tí òjò bá rọ̀ a máa wọ pálọ̀ mi, ẹ gbé àga dání. Ọkùnrin ẹlẹ́ran ti gbà láti ta ẹran rẹ̀ tán kó tó di ọjọ́ náà. Ìyá Ọ̀wọ̀rọ̀ ń bọ̀, ó ní kí n sọ fún yín pé òun ò tíì parí ìjúbà.

Èmi ni,
Màmá Tíṣà,
Adánkólò, Lọ́kọ́jà.